Láfún Tí Ó Tàn Nínú Yàrá Ìyá Mi

Òórùn gbágùúdá tí a rẹ sínú omi ni ó máa ń kọ́kọ́ pàdé àlejò ní Ìgànná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó tó rí òrùlé kankan. Òórùn kíkan ni, ó dà bí ògì tí ó ti pẹ́ ju bí ó ṣe yẹ lọ, ó sì máa ń dà pọ̀ mọ́ eruku pupa ojú ọ̀nà títí tí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ yóò fi máa tọ́ ọ wò ní ẹ̀yìn ahọ́n. Bí ènìyàn bá jáde sí ẹ̀yìn ìlú, yóò rí láfún tí a sá sí orí àpáta, funfun báláú, ní ilẹ̀ tí ohun gbogbo yòókù ti gbẹ tí ó sì ti pọ́n. Ilé bàbá mi wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn àpáta náà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti kúrò lọ sí ilé ìwé, ibẹ̀ náà ni mo sì padà sí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, pẹ̀lú fìtílà ọwọ́ kan àti ìgò kékeré kan nínú àpò mi, tí inú mi ń dùn bí ti ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Ìwọ tí a jọ lo ìgbà náà mọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní yunifásítì, ṣùgbọ́n n óò tún un sọ, nítorí pé láìsí i, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ìdí. Olùkọ́ kẹ́mísìrì ni mí. Odidi ọdún márùn-ún ni mo fi wá ọ̀nà láti ṣẹ̀dá mólékù kan, ẹyọ èròjà tí ojú kò lè rí nítorí kíkéré rẹ̀, tí yóò máa ṣọ́ oró inú gbágùúdá fún wa. Gbágùúdá tí ó korò ní oró nínú, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sáyánáìdì. Omi tí a ń rẹ ẹ́ sí àti oòrùn tí a ń sá a sí ni wọ́n ń lé oró náà jáde. Èròjà tí mo ṣe ní apá méjì. Apá kan lè tàn bí a bá tan fìtílà aláwọ̀ àlùkò sí i nínú òkùnkùn. Apá kejì dà bí ọwọ́ tí ó bo ojú apá àkọ́kọ́ kí ó má bàa tàn. Bí oró bá dé, yóò gé ọwọ́ náà kúrò, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé yóò sì yọ. Níbi tí oró kò bá sí, kò sí ohun tí yóò tàn.

A ì bá ti lè ṣe é ní òdì-kejì, kí ó máa tàn níbi tí oúnjẹ bá ti mọ́, kí ó sì kú níbi tí oró bá wà. Mo rò ó fún ọjọ́ mélòó kan, mo sì pa á tì. Gbogbo àwa tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni a mọ̀ pé ó rọrùn fún ojú láti rí iná kan ṣoṣo tí ó yọ nínú òkùnkùn ju kí ó mọ̀ pé iná kan rẹ̀wẹ̀sì láàárín ọgọ́rùn-ún lọ. Ìpinnu olóye ni. Kò sí ẹni tí ó bi mí léèrè pé ojú ta ni yóò máa wò ó, èmi náà kò sì bi ara mi.

Ní ọdún náà, òjò tètè lọ. Odò tí àwọn obìnrin ilé wa ti ń pọn omi di ẹrẹ̀, kànga sì ń mú iyanrìn wá dípò omi. Iṣu kò ta, àgbàdo gbẹ lórí ìdúró. Gbágùúdá tí ó korò nìkan ni kò bẹ̀rù ọ̀dá. Ṣùgbọ́n omi tí a ó fi rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe, kò tó mọ́, àwọn mìíràn sì ti ń yọ ọ́ ní ọjọ́ kejì. A gbọ́ láti àwọn abúlé pé àwọn ènìyàn ń jẹun tán tí òòyì ń kọ́ wọn, tí wọ́n sì ń bì. Ìdí nìyí tí mo fi gbé iṣẹ́ mi wálé kí ó tó gbó dáadáa. Ìyá mi wà nílé, wọ́n ti dàgbà, ọkà láfún sì ni oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ. Bí mo bá sì fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀, kì í ṣe ìfẹ́ wọn nìkan ni ó gbé mi wá. Mo fẹ́ kí ilé bàbá mi rí ohun tí ọmọbìnrin tí wọ́n rán ní ilé ìwé fi ọpọlọ rẹ̀ ṣe.

Ọ̀sán gangan ni, nínú yàrá ìyá mi. Mo ní kí wọ́n ti fèrèsé, kí wọ́n sì fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyá mi jókòó sí orí ibùsùn. Àbúrò mi ọkùnrin, tí ó ń bójú tó ilé láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, dúró ti ògiri. Àbúrò bàbá wa, ọlọ́dẹ tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọdẹ, jókòó sí orí àpótí. Aya àbúrò mi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń bá mi di àwo kékeré méjì mú. Òun ni ó ń ṣe láfún tí gbogbo ilé ń jẹ, òun náà ni ó sì ń ta èyí tí ó bá ṣẹ́ kù ní ọjà. Ọmọ Àgọ́-Àrẹ ni, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró, tí ó máa ń rẹ́rìn-ín kí a tó parí àwàdà.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ni Bàbá Ọdẹ wí láti inú òkùnkùn, “ṣé kì í ṣe pé o fẹ́ sé wa mọ́ yàrá kí o lè kó ogún ilé lọ?”

“Bàbá, kí ni ẹ ní tí n óò jogún rẹ̀ ju ìbọn tí ó ti dípẹtà lọ?”

“Má fi ìbọn mi ṣeré o. Ó dára ju ìgò rẹ yẹn lọ.”

Nínú àwo kìíní ni mo po láfún tí mo gbà ní abúlé kan tí àìsàn ti ṣẹlẹ̀; nínú èkejì, láfún ilé wa tí a rẹ pé ọjọ́. Mo kán èròjà mi sí àwo kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán mẹ́ta-mẹ́ta, mo sì tan fìtílà. Láfún abúlé náà tàn. Ó tàn ní àwọ̀ ewé tútù, bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ó sì fi ìmọ́lẹ̀ sí ìka ọwọ́ tí ó di àwo náà mú. Èkejì dúdú bí ilẹ̀.

“Yéè! Akọ̀wé mi! Ẹ ti mú oṣù sọ̀ kalẹ̀ fún wa!” ni aya àbúrò mi kígbe. Ìyá mi na ọwọ́ sí ìmọ́lẹ̀ náà, wọ́n fà á padà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì mi.

Yàrá náà gbóná bí ààrò. Eruku ọ̀nà Ìṣẹ́yìn ṣì wà ní ọ̀fun mi. Mo sì sọ ọ́ láìronú, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ irú rẹ̀ lójoojúmọ́: “Ìyàwó, bá mi bu omi wá.”

Ó dìde, ó jáde. Omi ti tán nínú àmù nítorí ọ̀dá. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ilé kẹta ni ó ti lọ tọrọ rẹ̀. Àkókò tí ó fi lọ ni mo fi ṣe àlàyé mi, mo sì ṣe é dáadáa. Mo sọ pé èyí tí ó bá tàn ni oró wà nínú rẹ̀, kí wọ́n tún un rẹ títí tí kò fi ní tàn mọ́, tàbí kí wọ́n dà á nù. Pé èyí tí ó bá dúdú ni ó ṣe é jẹ. Ìyá mi mi orí. Àbúrò mi bi mí ní ìbéèrè kan tàbí méjì, mo sì dá a lóhùn. Mo ti parí ọ̀rọ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí tí ìyàwó fi bẹ̀rẹ̀ wọlé pẹ̀lú igbá omi ní ọwọ́ méjèèjì.

Bàbá Ọdẹ ni ó ń sọ̀rọ̀ nígbà náà. “Tèmi yàtọ̀ sí tìrẹ o,” ni wọ́n ń wí fún mi. “Láti ìgbà tí mo ti ń gbé fìtílà kábáìdì sórí wọ igbó, ohun tí ó bá ti tàn níwájú mi nínú òkùnkùn, ojú ẹran ni. Bí mo bá ti rí i báyìí, mo mọ̀ pé ọbẹ̀ ti délé nìyẹn!”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín títí tí omi fi ta dànù nínú igbá. Ẹ̀rín tèmi ni ó pọ̀ jù, nítorí pé àwàdà náà dùn, n kò sì sọ ohun kan lé e lórí. Mo mu omi mi. Mo fi fìtílà àti ìgò náà lé ìyàwó lọ́wọ́, mo ní, “Gbogbo rẹ̀ yé ọ?”

“Ó yé mi, Akọ̀wé.”

Ìwọ náà mọ bí ó ṣe rí ní ilẹ̀ wa. Ìyàwó ilé kì í sọ fún ọkọ rẹ̀ níwájú àwọn àgbà pé kí ó tún ọ̀rọ̀ sọ. Bí mo tilẹ̀ jẹ́ obìnrin, ọkọ ni mo jẹ́ fún un, nítorí pé mo ṣáájú rẹ̀ nínú ilé náà, mo sì ṣáájú ẹni tí ó fẹ́ ẹ. Mo ti jẹ́ ọmọ ilé náà kí n tó di ọ̀mọ̀wé kankan. Ó yẹ kí n mọ̀ pé “ó yé mi” lẹ́nu ìyàwó kì í ṣe èsì ìbéèrè, ìkíni ni. Àlẹ̀mọ́ tí mo lẹ̀ mọ́ ara ìgò náà pàápàá, èdè òyìnbó ni mo fi kọ ọ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kọ ọ́ ní yàrá ìwádìí.

Mo padà sí ẹnu iṣẹ́. Lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ àbúrò mi pé ìyàwó ń kán oògùn náà láìjẹ́ kí ọjọ́ kan yẹ̀, pé àwọn aládùúgbò ń wá wò ó. Inú mi dùn. Mo ka lẹ́tà náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ó lé díẹ̀ ní oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni awakọ̀ kan, ọmọ ìlú wa, wá bá mi ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìwádìí. Ó ní kí n máa bọ̀ nílé, pé ara Màmá kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Ó sọ ọ́ tán, kò jókòó, kò sì mu omi tí mo fi lọ̀ ọ́. Mo mọ̀ nígbà náà.

Ìyá mi ti jẹ ọkà láfún ní ọ̀sán. Wọ́n ní ó korò díẹ̀, ìyàwó sì dá wọn lóhùn pé, “Màmá, èyí tí ó dára jù lọ ni mo fi sílẹ̀ fún yín.” Wọ́n rò pé ẹnu àgbà ni ó ń tan àwọn jẹ, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán nítorí kí ọmọbìnrin náà má bàa rò pé iṣẹ́ òun kò dùn. Lẹ́yìn náà ni òòyì dé, tí èébì dé, tí èémí wọn sì ń ké kúrú. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti lọ. Àbúrò mi tí ó bá wọn jẹ díẹ̀ sùn lórí ẹní fún ọjọ́ méjì kí ó tó lè dìde. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì kò tí ì dé láti ilé ìwé nígbà tí wọ́n jẹun, bí wọ́n ṣe bọ́ nìyẹn. Bàbá Ọdẹ kì í jẹun ní apá ilé tiwa. Ẹni tí ó sè é nìkan ni kò ní àìsàn kankan nínú àwọn tí ó jẹun nílé lọ́jọ́ náà, àwọn tí ó sì ra láfún lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà wà ní àlàáfíà. Kí a tó sin ìyá mi tán ni ọ̀rọ̀ náà ti gba àdúgbò: ó ta èyí tí ó dára fún ará ọjà, ó sì fi májèlé fún ìyá ọkọ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí jókòó. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé obìnrin yìí yóò máa gbé nílé wa, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, tàbí kò ní gbé ibẹ̀ mọ́? Ó kúnlẹ̀ sí àárín ilé. Ojú rẹ̀ ti wú nítorí ẹkún, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rù nínú rẹ̀. Ọ̀fọ̀ ni ó ń ṣe. Kò tí ì mọ̀ pé ẹjọ́ ni.

“Ìyàwó,” ni Bàbá Ọdẹ bẹ̀rẹ̀, “ọkà tí Màmá jẹ, ṣé ìwọ ni o sè é?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Kí ló dé tí ìwọ kò jẹ nínú rẹ̀?”

“Èyí tí kò dára tó ni mo máa ń jẹ, Bàbá. Èyí tí ó dára, ti Màmá ni àti ti baálé mi.”

“Báwo ni o ṣe ń mọ èyí tí ó dára?”

Ó wò mí, bí ẹni tí ó ń wo ẹlẹ́rìí rẹ̀. “Èyí tí ó bá tàn ni. Akọ̀wé ló fi hàn wá.”

Kò sí ẹni tí ó mira. Ó rò pé wọn kò gbọ́ ohun tí òun wí ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní òun kíyè sí i pé bí gbágùúdá bá ti pẹ́ nínú omi tó, bẹ́ẹ̀ ni kì í tàn mọ́. Nítorí náà, ti ọjà ni òun ń rẹ fún ọjọ́ mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí àwọn oníbàárà ti mọ̀ ọ́n, ti ilé kò ju ọjọ́ kan péré lọ, kí ó lè tàn dáadáa. Ní ọjọ́ tí Màmá kú, ó ní, kò tí ì sí èyí tí ó tàn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àbúrò mi dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. “Ṣé ìyá rẹ kò kọ́ ọ bí wọ́n ti ń rẹ gbágùúdá ni?”

“Ó kọ́ mi. Ẹ̀rù tilẹ̀ bà mí ní ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ mo ní, kí ni ìyá mi mọ̀ tí iná Akọ̀wé kò mọ̀?”

Mo ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sì rí èyí tí ojú rẹ̀ mú tó ti obìnrin náà. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó fi iye ọjọ́ wé agbára ìmọ́lẹ̀. Pẹ̀lú fìtílà kan ṣoṣo, ní ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó ti rí òfin tí ó so omi pọ̀ mọ́ oró, èyí tí èmi fi ọdún méjì wá. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó dorí kodò, nítorí náà bí ó ti ń fi òye àti ìfẹ́ kún un, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi oró kún oúnjẹ àwọn tí ó fẹ́ràn jù.

Bàbá Ọdẹ kọ ojú sí mi. “Ọmọ mi, ṣé bẹ́ẹ̀ ni o wí fún un?”

“Rárá, Bàbá. Mo ṣàlàyé rẹ̀. Níwájú yín ni mo ti ṣàlàyé rẹ̀.”

“Òótọ́ ni,” ni wọ́n wí. “A gbọ́ ọ.”

Nígbà náà ni ìyàwó gbé ojú sókè. Ó la ẹnu, ó sì pa á dé. Bí ó ti wò mí báyìí ni mo rántí igbá omi náà. Mo rí i kedere, bí ó ti bẹ̀rẹ̀ wọlé, bí àwa ti ń rẹ́rìn-ín. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó kù kí n sọ: kò sí nínú yàrá, èmi ni mo rán an jáde. Ó ti dé orí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá ti sọ ọ́, èmi ni mo pa ìyá mi. Mo mọ̀ pé wọn yóò máa wí i ní Ìgànná àti ní yunifásítì. Mo wo ilẹ̀. Ìyàwó náà tẹrí ba, ìjókòó sì parí. Wọ́n ní kí ó lọ sí ilé bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọ yóò dúró sí ilé tiwọn. Ní ọjọ́ kejì ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù pẹ̀lú ẹrù kan ṣoṣo. Wọn kò jẹ́ kí àwọn ọmọ sìn ín dé ojú ọ̀nà.

Mo mú ìyókù láfún ilé wa lọ sí yàrá ìwádìí, gbogbo èyí tí ó tàn àti èyí tí kò tàn. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ni ó fi ọ̀nà àtijọ́ tí ó dá wa lójú yẹ̀ wọ́n wò. Ó sáré wọ yàrá mi pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí pé kò mọ ibi tí láfún náà ti wá. “Ó ṣiṣẹ́!” ni ó wí. “Kò ṣìnà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibi tí oró wà ló ti tàn.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn. Oṣù mẹ́jọ ni mo tún lò kí n tó lọ sílé. Mo máa ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n lọ.

Mo bá Bàbá Ọdẹ níbi tí wọ́n ti ń fi òróró pa ìbọn. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ fún wọn pé ìyàwó kò sí nínú yàrá nígbà tí mo ṣàlàyé, pé èmi ni mo rán an lọ bu omi.

“Mo mọ̀,” ni wọ́n wí.

“Ẹ mọ̀?”

“Ṣebí èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ ojú ẹran nígbà tí ó wọlé? Mo ti rántí gbogbo rẹ̀ kí oòrùn ọjọ́ ìjókòó yẹn tó wọ̀.”

“Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́?”

Wọ́n gbé ìbọn náà sílẹ̀. “Ojú tì mí. Ìwọ náà ńkọ́?”

A jọ lọ sọ fún àbúrò mi. Kò bú mi, kò sì sunkún. Ó wò mí títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ mú un wá fún mi,” ó sì jáde lọ sí oko.

Mo gba ọ̀nà Òkèhò àti Ilua lọ sí Àgọ́-Àrẹ. Mo bá a ní abẹ́ igi máńgòrò kan ní ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀, ó ń fẹ́ ọkà bàbà, ìyàngbò rẹ̀ sì ń fò lọ nínú ọyẹ́. Ó ti rù. Nígbà tí ó rí mi, ó dìde, kò kúnlẹ̀. “Ẹ kú ìrìn,” ni ó wí, ó sì fi orúkọ mi kún un. Orúkọ tí wọ́n sọ mí ní ọjọ́ kẹjọ ni. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹni tí ó bá nílé ọkọ. Láti ọjọ́ tí ó ti wọ ilé wa, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó pè é jẹ́jẹ́, láìsí ìbínú, bí ẹni tí ń dá ohun àyálò padà. Mo kúnlẹ̀ fún un lórí ìyàngbò náà.

“Ẹ dìde,” ni ó wí. “Ẹ má jẹ́ kí àwọn ará ilé mi rí yín.”

“Mo ti sọ òótọ́ fún wọn nílé. Gbogbo rẹ̀.”

“Ẹ ṣeun.”

“Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà pé o kò sí níbẹ̀?”

“Èmi ni n ó sọ ọ́?” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. “Wọn á ní mo ń purọ́ mọ́ ọkọ mi kí n lè bọ́. Ẹ̀yin lẹ rán mi níṣẹ́. Ẹnu yín ni mo ń wò.”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a jọ máa lọ sílé, pé ọkọ rẹ̀ ń retí rẹ̀. Ó bu ọkà bàbà sínú atẹ, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé e kalẹ̀.

“Láti ọjọ́ yìí ni àwọn ọmọ mi ti ń gbọ́ ọ ládùúgbò pé ìyá wọn pa ìyá bàbá wọn. Bí mo bá padà, ta ni yóò jẹ ohun tí mo bá sè? Wọ́n lè jẹ ẹ́ o, nítorí ìtìjú. Àmọ́ èmi ni n ó máa wo ọwọ́ wọn bí ó ti ń lọ sí ẹnu.” Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà. “Màmá fẹ́ràn mi. Ẹ bá mi sọ ìyẹn náà fún wọn.”

Kò padà. Àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní àkókò ìsinmi, wọ́n sì dàgbà tán kí wọ́n tó lè jókòó tì í láìsí ìdákẹ́jẹ́ láàárín wọn. Àbúrò mi fẹ́ ìyàwó mìíràn. Èmi lọ jókòó ti àwọn obìnrin tí ń ṣe láfún ní Ìgànná, mo gbé oríṣiríṣi ìmọ́lẹ̀ síwájú wọn, mo sì bi wọ́n léèrè pé èwo ni wọn yóò fún ọmọ wọn jẹ. Ohun tí wọ́n sọ ni mo fi ọdún mẹ́ta ṣe mólékù mìíràn, èyí tí ń tàn nínú oúnjẹ tí ó mọ́, tí ó sì ń kú bí oró bá dé. Ó ṣòro ju ti àkọ́kọ́ lọ, àwọn ọ̀mọ̀wé sì dá ìwé tí mo kọ nípa rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ẹ̀yìn ni mo ń rìn sí. N kò bá wọn jà.

Àwọn díẹ̀ tí ó mọ ìtàn yìí a máa rò pé àṣìṣe ìmọ́lẹ̀ yẹn ni ó ń dùn mí. Ó dùn mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ní àtúnṣe, mo sì tún un ṣe. Èyí tí kò ní àtúnṣe ni gbólóhùn tí mo sọ ní ìjókòó ẹbí. Mo ti wò ó láti gbogbo ìhà gẹ́gẹ́ bí mo ti ń yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò, n kò sì rí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Mo ṣàlàyé. Níwájú wọn ni mo ti ṣàlàyé. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ̀ níbẹ̀, òun náà ni obìnrin kan sì torí rẹ̀ di ẹrù, tí ó fi ọmọ méjì sílẹ̀. Láti ìgbà náà, nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ tí ènìyàn ń sọ òtítọ́ tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn púpọ̀, pàápàá bí ẹni náà bá jẹ́ èmi fúnra mi, àyà mi a máa já. N ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo gbogbo ìjókòó náà káàkiri, n ó máa wá ẹni tí ó la ẹnu tí ó sì tún pa á dé.